Àǹtí Mi àti Ọbẹ̀ Adìẹ Bàbá Ará Japan

Bí àǹtí mi bá ń gún ìrẹsì, wọ́n máa ń bá ìrẹsì náà sọ̀rọ̀: "Rọra o, má kúnná jù." Ilé bàbá àgbàlagbà ará Japan kan ni wọ́n ti ń dáná ní Accra. Látìgbà tí ìyàwó bàbá náà ti kú, kiritanpo ìlú wọn nìkan ni bàbá ń jẹ: ìrẹsì gígún tí a lẹ̀ mọ́ igi, tí a yan, tí a sì sè nínú omi adìẹ.

Nígbà tí ìyá àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, àǹtí mi kọ́ èmi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní ọbẹ̀ náà kí wọ́n lè lọ tọ́jú ìyá wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wọkọ̀, èmi ni mo gbé oúnjẹ síwájú bàbá. Bàbá tọ́ ọ wò, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Àǹtí mi gbé àpò wọn kalẹ̀. "Ìyá mi bí ọmọ mẹ́rin. Ta ni bàbá yìí ní?"

"Ẹ̀yin ni ìyá àgbà ń pè, àǹtí."

"Mo mọ̀. Ọ̀la ni màá lọ."

Ọ̀la di ọjọ́ kẹsàn-án, ni ilé bá pè pé ìyá àgbà ti kú. Àǹtí mi jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, wọ́n ki ìró bọ ẹnu kí igbe wọn má bàa jáde. Bàbá, tí wọn kò mọ nǹkan kan, pè láti yàrá pé ebi ń pa àwọn.

"Mo ń bọ̀, sà," àǹtí mi dáhùn, wọ́n sì dìde.