Ìbéèrè Tí Mi Ò Bi Bàbá Hárólì Parí

Ẹ̀rù kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan bá ti kọjá tán ló tó ń dé. Irú rẹ̀ ló bá mi ní Dallas níbí, nínú yàrá iṣẹ́ mi, lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn, òógùn sì ń ṣàn lábẹ́ aṣọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ti ilẹ̀kùn gbàgà lẹ́yìn mi, màá fò sókè, àwọn ọmọ mi á sì bú sẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín in lọ. Ohun tójú mi rí lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣojú wọn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń gba ẹrù wọlé ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan láàárín ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ fún wa ní nǹkan àtijọ́, èmi ló máa kọ́kọ́ rí. Màá lọ sílé rẹ̀, màá gbé nǹkan náà dé, màá wọ̀n ọ́n, màá fún un ní nọ́ńbà, màá sì ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣẹ́ náà ò yé ìyá mi rárá. Ó pè mí láti Ìbàdàn, ó ní, "Fọlákẹ́, ṣé o ò rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ ni?" Mo ní, "Màmá, ẹrù àwọn tó ti kú ni mò ń tọ́jú." Ó kígbe, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbààwẹ̀ nítorí mi.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ogun inú yàrà, ti Ogun Àgbáyé Kìíní, la fẹ́ ṣe àfihàn rẹ̀. Àwa tá a dàgbà nínú ìlú àtijọ́ mọ yàrà: kòtò gígùn tó jìn, tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ìlú ká kí ọ̀tá má baà rí ọ̀nà wọlé. Tàwọn òyìnbó yàtọ̀. Inú yàrà tiwọn ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun tí wọ́n ti ń sùn, nínú ẹrẹ̀ àti eku, ọ̀tá á sì wà nínú yàrà tirẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Tí ìjà bá rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ ogun kì í jókòó lásán. Wọ́n á mú èèpo idẹ ọta ńlá tí wọ́n ti yìn, wọ́n á fi ìṣó fín òdòdó sí i lára, á wá di nǹkan tí ìyàwó ilé lè ki òdòdó sí. Ọnà inú yàrà là ń pè é níbi iṣẹ́. Irú rẹ̀ là ń wá kiri, pẹ̀lú fọ́tò àti àwòrán tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà lójú ogun.

Nínú fọ́ọ̀mù tí mo máa ń kọ, ìbéèrè kan wà tí ọ̀gá mi, Mísís Línda, fi bírò pupa yí ká fúnra rẹ̀. Ṣé ohun ìjà wà nínú ẹrù yìí? Tó bá wà, onímọ̀ wo ló yẹ̀ ẹ́ wò tó sì jẹ́rìí pé kò sí ewu nínú rẹ̀ mọ́? Tí a ò bá rí ìdáhùn, a kì í fọwọ́ kan nǹkan náà. Ọlọ́pàá là ń pè. Èmi gan-an ni mo máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní òfin yìí, màá sì máa fọwọ́ gbá tábìlì bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá kan ló pè wá láti Balch Springs, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas. Hárólì lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, bàbá rẹ̀ sì ti jà nínú yàrà náà. Ọjọ́ tó ní kí n wá yẹn gan-an ni mo gbé Tólú, ọmọ mi, lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí mọ́tò tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi wá oyún yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Òfin iṣẹ́ ò gbà kí n gbé ará ìta dání, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ọ̀nà kan náà ni. Mo ní, "Tólú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni màá lò níbẹ̀, ṣó ò bínú?" Kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Mummy, I'm fine."

Gbogbo èèyàn ló ń pe bàbá náà ní Hárólì, títí kan àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Èmi ò lè la ẹnu kí n pe ẹni tó ju bàbá mi lọ lórúkọ lásán bẹ́ẹ̀. "Sà" ni mò ń pè é, mo sì ń tẹ eékún ba díẹ̀ tí mo bá ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí pa á lẹ́rìn-ín gan-an. Ó ti kó ẹrù bàbá rẹ̀ sínú páálí kan: ìwé àwòrán kan, ọnà idẹ kan, àti fọ́tò mélòó kan tó ní férémù onígíláàsì. Mo ti ń múra àtigbé e nígbà tó ní, "Dúró ná." Ó lọ síbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó mú irin kan tó fi dá ilẹ̀kùn náà dúró. Irin náà ò tóbi ju ẹyin pẹ́pẹ́yẹ lọ, ara rẹ̀ rí kángunkàngun bí èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, ó sì ti dípẹtà. Bọ́ǹbù àfọwọ́jù ni.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ǹjẹ́ onímọ̀ kankan ti yẹ̀ ẹ́..."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣé o rò pé bàbá mi á gbé ohun tó lè pa èèyàn wá sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀ ni?"

Ẹ gbọ́, wọ́n kọ́ mi nílé. Ìyá mi ò ní kí n máa bá àgbà jiyàn, áńbọ̀sìbọ́sí kí n sọ̀rọ̀ àbùkù nípa òkú bàbá rẹ̀. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Kí n tó mọ̀, eékún mi méjèèjì ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ forí jì mí." Ìyẹn gan-an dẹ́rù bà á, ó ń gbé mi dìde, ó ń ní kò tíì dójú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè náà ṣe kú sí mi lẹ́nu. Mo gbé fọ́ọ̀mù lé itan, mo fi àmì sí "Bẹ́ẹ̀ ni". Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ onímọ̀, orúkọ Bàbá Hárólì ni mo kọ síbẹ̀. Ó gbé irin náà sínú páálí pẹ̀lú àwọn yòókù.

Nígbà tí a dé ìdí mọ́tò, ohun tó ń kọ mí lóminú ni gíláàsì ara fọ́tò. Mo rò pé tí mo bá fi páálí náà sẹ́yìn, gíláàsì á fọ́. Mo bá gbé e lé Tólú lórí itan. Ó gbá a mọ́ ikùn. Lórí freeway, ọkọ̀ ńlá kan já sí iwájú mi, mo tẹ búrẹ́ẹ̀kì lójijì, páálí náà sún gbọ̀ngbọ̀n. Mo ní, "Rọra dì í mú o, nǹkan ẹlẹgẹ́ wà níbẹ̀!" Gíláàsì ni mò ń wí.

Mo fi Tólú sílẹ̀ nísàlẹ̀ níbi táwọn àlejò máa ń jókòó sí, mo gbé páálí gòkè. Mo kọ́kọ́ gbé irin náà sórí ìwọ̀n, mo kọ bó ṣe wúwo tó sílẹ̀, mo wá rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ni mo mú fọ́tò. Ìkẹta nínú wọn ni ti ọmọ ogun méjì nínú yàrà, ẹrẹ̀ mù wọ́n dé orúnkún. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ó na bọ́ǹbù kan sókè bí ẹni ń fi ẹyin han ìyàwó rẹ̀. Mo yọ fọ́tò náà nínú férémù kí n lè ya ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀: "Èmi àti Nẹ́dì. Kò ráyè ju bọ́ǹbù yìí kí ọta tó bá a. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti mú un."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣí ìwé àwòrán bàbá náà. Àárín rẹ̀ ni mo ti rí i: bọ́ǹbù méjì tó yà ní ìdojúdé kí ìdí wọn lè hàn, ó jọ pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ogun ló fi ń kọ́. Ọ̀kan ní ihò nídìí, ó kọ "òfìfo" sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi irin dí ìdí èkejì pa, ó sì kọ "kíkún" síbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀.

Mi ò fọwọ́ kan èyí tó wà lórí tábìlì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú mi fi ṣe déédéé pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Kò sí ihò. Wọ́n dí i pa.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé nísàlẹ̀, tí olùkọ́ wọn ń ní kí wọ́n má sáré. Tólú ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe pé kí n pariwo. Fọ́ọ̀mù ni mo wò, àmì tí mo fi síbẹ̀ ń wò mí. Tí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn. Mo tiẹ̀ rò ó pé, bóyá kí n gbé e padà sínú páálí jẹ́jẹ́, kí n dá a padà fún baba. Mo ti na ọwọ́ sí i. Ìgbà náà ni ọmọ kan rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, mo sì fa ọwọ́ mi padà.

Mo rìn dé ọ́fíìsì Mísís Línda. Mo ti mú fọ́ọ̀mù náà dání, mo gbé e síwájú rẹ̀. "Bọ́ǹbù kan wà lórí tábìlì mi. Ó kún."

"Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù rẹ sọ pé..."

"Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀, mà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi baba, mi ò parí ẹ̀."

Ó na ọwọ́ sí ara ògiri, ó fa ohun tí a fi ń kìlọ̀ pé iná ń jó. Aago bẹ̀rẹ̀ sí í ké káàkiri ilé. Èmi ti wà lórí àtẹ̀gùn. Tólú ti sùn lọ lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn. Mo gbá a lápá mú. Ó ní, "Kí ló dé, Mummy?" Mo ní, "Dìde. Má bi mí." A bá àwọn ọmọ iléèwé jáde, a sọdá títì, a dúró nínú oòrùn Texas tó ń ta bí iná. Mò ń ka Sáàmù kẹtàlélógún, mi ò sì rántí ohun tó tẹ̀ lé "Olúwa ni Olùṣọ́ àgùntàn mi". Olúwa ni, Olúwa ni, ni mo ń wí ṣáá.

Ọlọ́pàá tó wọ aṣọ nínípọn wọlé. Ó pẹ́ kó tó jáde, tàbí lójú mi ló pẹ́. Wọ́n gbé irin náà sínú àpótí ńlá tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ fọ́ ọ níbi tí kò sí ilé. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ akoto rẹ̀, ó wá bá wa. Ó ní nǹkan náà kún, pé ìpẹtà ti jẹ okùn irin tó dì í mú kó má bú gbàmù, débi pé fífọwọ́ kàn án lásán lè já a.

"Báwo lẹ ṣe gbé e débí?"

Tólú ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá. "On my lap."

Ọkùnrin náà wo ikùn rẹ̀, ó sì gbójú kúrò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ èmi tí mo jẹ́ àgbà ni mo gbé ikú lé ọmọ tí wọn ò tíì bí lórí. Mo bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí ikùn Tólú, ó tì í dànù. Ó ní, "Mummy, ẹ̀yin lẹ mọ ìbéèrè yẹn. Ẹ mọ̀ ọ́n." Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi gbé fóònù mi. Nígbà tó bí ọmọbìnrin rẹ̀ láyọ̀, Àánúolúwa ni mo sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó bi mí nítumọ̀ rẹ̀.

Mísís Línda ò lé mi. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú mi, ó ní kí n fa ilà sórí irọ́ náà kí n kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́: Mi ò bi í parí, nítorí mi ò fẹ́ kí àgbàlagbà bínú sí mi. Lẹ́yìn náà ó rán mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Hárólì, kí n fẹnu ara mi sọ fún un.

Mo rò pé á pariwo lé mi lórí. Kò pariwo. Ó ń wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó ti fi bíríkì dá dúró báyìí. Ó ní, "Bàbá mi ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án nígbà ayé ẹ̀. Òkè kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń wà. Lẹ́yìn tó kú ni mo gbé e wá síbí. Gbogbo àwọn ọmọ mi ló fi ẹsẹ̀ gbá a bí bọ́ọ̀lù." Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́, baba yìí dàgbà tán kò mọ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Sà, kí ló dé tí ẹ fi sọ fún mi pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn bínú ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ká ní o bi mí lẹ́ẹ̀kejì ni, ǹ bá sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Fọ́tò Nẹ́dì wà lára ògiri wa dòní, ìwé àwòrán ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ níbi bọ́ǹbù méjèèjì. Fọ́ọ̀mù tèmi ni ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì, mo mú ẹni tó gba ipò mi dání, Dámilọ́lá, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Frisco, nítòsí Dallas. Ilé màmá àgbà kan la lọ, tó ní idà ọkọ rẹ̀ tó ti kú, àti àpótí ọta kan tí wọ́n tì pa. Dámilọ́lá béèrè ohun tó wà nínú àpótí náà, màmá bú sẹ́kún. Ọmọ náà pa fọ́ọ̀mù dé. Ó yíjú sí mi, ojú tirẹ̀ náà ti kún fómi, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní Yorùbá tí màmá ò ní gbọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, Mummy, mi ò lè bi wọ́n mọ́. Wọ́n ti dàgbà jù."

Mo gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí fọ́ọ̀mù náà padà, mo tún ki pẹ́ńsù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Kúnlẹ̀," mo ní, "kó o wá bi wọ́n."