Ìyá Oníwọ̀n àti Gíà Tí Wọ́n Fẹ́ Sin Láàyè

Bí ìbínú bá ṣeé fi se omi, èyí tó hó nínú Ìyá Oníwọ̀n ní ọjọ́ Ẹtì yẹn ìbá se omi ìwẹ̀ fún àdúgbò mẹ́ta, yóò tún ṣẹ́kù fún ìfọṣọ.

Agbẹ̀bí ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń gbẹ̀bí, kò sì sí ohun tí kì í wọ̀n. Ó ń wọn orí ọmọ, ó ń wọn omi tí aboyún mu àti èyí tó tọ̀, ó ń wọn ọṣẹ. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ wá sọ fún un pé òun fẹ́ ẹ, ó kọ́kọ́ ní kó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí òkè orí rẹ̀, kó tó dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá.

Ọkọ náà ti kú. Ó fi mọ́tò aláwọ̀ eérú kan sílẹ̀, èyí tí kílómítà rẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó. Bí a bá to gbogbo ìrìn yẹn pọ̀, a ó dé inú òṣùpá, ẹni tó ń gbébẹ̀ yóò sì ti wá ṣí géètì fún wa. Mọ́tò yìí ni Ìyá Oníwọ̀n fi ń lọ bá àwọn aboyún nílé wọn. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù méjì, gíà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Bí a bá fi í sí ìrìn, á kọ́kọ́ dákẹ́ bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun, á mí kanlẹ̀, kó tó fò síwájú gìjà. Lọ́jọ́ kan tó fẹ́ gba ọmọ lórí òkè, ìsàlẹ̀ òkè ni mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú. Ìyá Oníwọ̀n fẹsẹ̀ gun òkè náà. Kó tó débẹ̀, ọmọ ti dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bi í pé kí ló dá a dúró.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ pè é. Ó ní, "Mama, bí mọ́tò yẹn ò bá dá ṣáṣá di ọjọ́ Ajé, ẹ ò ní lọ sílé aboyún kankan mọ́. Tábìlì káàdì lẹ máa jókòó tì, kẹ́ ẹ máa kọ orúkọ aláìsàn."

Tábìlì káàdì! Obìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ọmọ tí iye wọn kún ìlú kan! Inú ti ń bí i kó tó dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì.

Máfọwọ́kàn ni wọ́n ń pe mẹ́káníìkì náà, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fa géèjì gíà, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó, yọ. Ọ́ìlì dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ń rùn bí nǹkan tó jóná. Ó tì í padà jẹ́ẹ́jẹ́.

"Mama, gíà tó bá ti darúgbó, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìdọ̀tí yẹn ló ń gbé e ró. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀, ó kú nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́."

"Ta ló sọ fún òun?"

"Ọ̀gá tó kọ́ òun náà ni."

"Ẹ tò tẹ̀ léra yín bí àgùntàn. Èyí tó wà níwájú pátápátá, ṣé ó ríran?"

Fọ́kánáísà tó ń lẹ táyà nítòsí rẹ́rìn-ín títí. "Mama, ó ti fọ́jú tipẹ́!"

"Èmi náà ti ń sún mọ́ ọgọ́ta," ni Ìyá Oníwọ̀n wí. "Ṣé kí n má wẹ̀ mọ́ ni, kí ìdọ̀tí máa gbé mi ró? Tú u!"

Máfọwọ́kàn tú u, ó ń kùn. Ìyá Oníwọ̀n gbé bàsíà tirẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ó sì da gbogbo ohun tó jáde sínú ike onílà tí wọ́n fi ń wọn omi, tó gbé wá láti ilé. Lítà mẹ́rin àbọ̀. Ó fi bíró kọ ọ́ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, bó ti máa ń ṣe lẹ́bàá ibùsùn aboyún. Ọ́ìlì ti yí i lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó lọ fọwọ́ lójú ẹ̀rọ omi tó wà ní òdìkejì títì. Kó tó padà dé, wọ́n ti rọ ọ́ìlì tuntun, wọ́n ti pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Máfọwọ́kàn wọlé, ó táná. Mọ́tò rìn dé ẹnu géètì, ó ké tòò, ó dúró. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, táyà ò yí. Ọkùnrin náà paná, ó sọ̀kalẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Kí ni mo wí? Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ bá mi dá sí i, kí ni mo wí?" Ó juwọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí koríko ti bo mọ́tò mẹ́sàn-án mọ́lẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká tì í lọ bá ẹgbẹ́ ẹ̀."

"Sùn re o, àgbà mọ́tò," ni fọ́kánáísà wí, ó sì ṣí fìlà.

Èyí tó dun Ìyá Oníwọ̀n jù kì í ṣe pé mọ́tò dúró. Inú ọkùnrin náà ń dùn! Ó mọ irú ojú yẹn. Ojú àwọn tó máa ń pa aṣọ bo aláìsàn lójú nígbà tó ṣì ń mí ni, kí wọ́n ṣáà lè jàre. Ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ike ọ́ìlì mẹ́ta tó ti ṣófo ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà kan. Méjì tí wọn ò ṣí wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Mẹ́rin àbọ̀ jáde. Mẹ́ta lo dá padà. Ìyókù ńkọ́?"

"Ó ti kún, Mama. Mo wo géèjì, ó kan àmì òkè."

"Ìgbà wo lo wò ó?"

"Kí n tó táná ni. Bá a ṣe ń wo ti ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn. A ó paná, a ó jẹ́ kí ọ́ìlì sọ̀kalẹ̀, a ó wá fà á yọ."

"Ti ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Gíà ni mo bi ọ́."

"Kò sí bí ọ́ìlì ò ṣe ní jẹ́ ọ́ìlì, Mama."

"Ta ló ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ òkú?" Ohùn rẹ̀ mú kí adìyẹ mẹ́ta sá wọ abẹ́ mọ́tò. "Ó kú, o wá ń wọ̀n ọ́n! Táná sí i, kí o fà á yọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́!"

Máfọwọ́kàn táná. Ó fa géèjì yọ, ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ. Gbígbẹ ló gbẹ. Ìdí rẹ̀ nìkan ló tutù díẹ̀. Bí mọ́tò bá kú, gbogbo ọ́ìlì inú gíà ni yóò ṣàn wálẹ̀, tí yóò sì tan ojú jẹ pé ó kún. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ó ti gòkè lọ nìyẹn, ìsàlẹ̀ á ṣófo, gíà á máa gbé afẹ́fẹ́ mì.

Máfọwọ́kàn lọ gbé ike méjì tó kù lórí bẹ́ǹṣì wá. Ó mú àrọ, ó ń rọ ọ́ìlì sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń yí gíà láti ipò kan sí èkejì, ó ń wo géèjì. Nígbà tí lítà kan àbọ̀ wọlé tán, ó kan àmì gẹ́lẹ́. Máfọwọ́kàn wọlé, ó fi í sí ìrìn. Mọ́tò gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó sì yọ́ lọ síwájú bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Fọ́kánáísà tó ti kí i pé sùn re fò gun orí táyà.

Ẹ rò pé inú Ìyá Oníwọ̀n rọ̀? Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

"Àwọn mẹ́sàn-án tó wà nínú koríko yẹn, mélòó lo pa iná wọn kó o tó wọ̀n wọ́n?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Gbogbo wọn."

"Mẹ́sàn-án! O sin wọ́n láàyè, o tún ń fi òkú wọn dẹ́rù bà wá! Ta ló ni èyí tó búlúù, tí ewúrẹ́ ń sùn nínú ẹ̀?"

Ó fi àkísà nu ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá mi ni, Mama."

"Lítà mélòó ló jáde nínú ẹ̀?"

"Mi ò wọ̀n ọ́n."

Ìyá Oníwọ̀n wò ó títí. Ó da ọ́ìlì dúdú inú ike onílà sínú àgbá, ó sì gbé ike náà lé e lọ́wọ́.

"Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kí n bá mọ́tò bàbá rẹ níta géètì. Kí n má sì bá ewúrẹ́ kankan nínú ẹ̀."

Ó wọ mọ́tò. Nínú díńgí, ó rí Máfọwọ́kàn tó di ike mú, tó ń lé ewúrẹ́, tí ewúrẹ́ kò sì fẹ́ jáde. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìbínú kọjú sí òkè, níbi tí aboyún kan ti ń retí rẹ̀. Ó ń kùn títí ó fi dé orí òkè, mọ́tò ò sì dúró ronú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.