Àwọn Tó Kọ Lẹ́tà sí Ojú Ìwé Keje

Kò sí ẹni tó gbé àdúgbò yẹn fún oṣù mẹ́ta tí kò mọ Ìyá Oníròyìn. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún, ó sì máa ń fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn kó má baà máa wá a kiri. Ó ń wá a kiri náà ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tẹ lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá ní ọ́fíìsì kan, lẹ́tà tí ẹlòmíì ń buwọ́ lù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun náà fẹ́ tẹ ohun tó wu òun. Bí ìwé ìròyìn àdúgbò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ojú ìwé mẹ́jọ lóṣooṣù, ọ̀fẹ́. Òun ló ń kọ ọ́, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, òun ló ń so ó pọ̀ létí, òun náà ló sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, láti ilé àkọ́kọ́ létí títì dé ilé alájà mẹ́rin tó wà lópin àdúgbò.

Yàrá kékeré kan nínú gbọ̀ngàn àdúgbò ló ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àga méjì, kọ̀ǹpútà tó máa ń kùn bí ẹni tí orí ń fọ́, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ti ń gbá a kó tó ṣiṣẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò ló ń kọ sínú ìwé náà: ta ló bímọ, ta ló yege ìdánwò, ọjọ́ wo ni omi ẹ̀rọ kò ní yọ, ta ló ní bẹ́ẹ̀dì ọmọdé tí kò lò mọ́. Ojú ìwé keje ni ti lẹ́tà àwọn òǹkàwé. Àpótí onígi kan wà lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí, ọjọ́ Ẹtì ló sì máa ń ṣí i.

Fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́tà ń wọlé. Lẹ́yìn náà ni kò wọlé mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó ṣí àpótí, bébà súìtì ló bá níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, aláǹtakùn. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ṣé kí ojú ìwé keje wá jáde lófìfo ni, kí wọ́n máa sọ pé kò sẹ́ni tó ń ka ohun tí òun ń ṣe? Ló bá jókòó, ló kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀, ó sì fi orúkọ sí i pé: Bàbá Àgbà, Òpópónà Kejì. Bàbá náà dúpẹ́ pé ìwé ìròyìn yìí ni kì í jẹ́ kí omi tán lójijì nílé òun. Irọ́ kékeré ni. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò pa irú ẹ̀ rí.

Àṣé irọ́ kékeré náà máa ń bímọ. Kó tó ọdún méjì, àwọn èèyàn márùn-ún ló ti ń kọ lẹ́tà láti inú orí obìnrin kan. Bàbá Àgbà wà níbẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ Gbàǹgbà wà níbẹ̀, ẹni tó ń yin atúnbàtàṣe àdúgbò tàbí kó bá a wí bí bàtà rẹ̀ bá ṣe rí lóṣù yẹn. Ìyá Orí Àtẹ̀gùn ló wá gba iwájú lọ́wọ́ gbogbo wọn, opó kan tó ń dá gbé ní àjà kẹrin, tí ọmọbìnrin rẹ̀ bínú kúrò nílé. Lóṣooṣù ni opó yìí ń ròyìn bí òun ṣe sọ̀ kalẹ̀ wá mú ìwé ìròyìn, bí òun ṣe simi lórí àtẹ̀gùn, àti bóyá ọmọ pè tàbí kò pè.

Ọjọ́ Ajé kan ni alága àdúgbò kan ilẹ̀kùn yàrá náà. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í ṣe èèyàn burúkú. Wàhálà rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí ẹ bá ní oòrùn ti là, á ní kí ẹ fi han òun.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Oníròyìn.”

“Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jókòó.”

Kò jókòó. “Àwọn òbí ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ń wá ibi tí àwọn ọmọ á ti máa kẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé, yàrá yìí nìkan la sì ní. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kò sẹ́ni tó ń ka ìwé yín.”

“Wọ́n ń kà á, sà. Ẹ ò rí lẹ́tà wọn ni?”

“Ohun témi náà sọ fún wọn nìyẹn.” Ó fa fáìlì kan yọ, gbogbo ojú ìwé keje ọdún méjì ló wà nínú rẹ̀, ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. “Ẹ bá mi pe àwọn èèyàn yìí wá sípàdé ní Sátidé, aago mẹ́rin. Mẹ́ta péré nínú wọn. Tí ìgbìmọ̀ bá ti fojú rí mẹ́ta, yàrá di tiyín. Tí a ò bá rí wọn, ẹ ó máa kó ẹrù yín lọ́jọ́ Ajé, ìwé náà á sì parí síbẹ̀.”

Àyà Ìyá Oníròyìn já. Ẹnu rẹ̀ wá ń sọ pé, “Kò burú, sà.” Kò burú kẹ̀. Nígbà tí alága lọ tán, ó gba ilé lọ láìpa kọ̀ǹpútà.

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “O bí ọmọ márùn-ún láìlóyún. Lọ pè wọ́n wá jẹun nísinsìnyí.”

“Má fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ mi.”

Ó rí i pé kò sí ẹ̀rín lójú aya òun, ó sì dá ẹ̀rín dúró. Àbúrò Ìyá Oníròyìn, onígbàjámọ̀ ìtòsí ibẹ̀, ló ní ọ̀nà wà. “Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ní kọ́sítómà mẹ́ta tí ò ní kọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Màá kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ.” Ìyá Oníròyìn kò gbà, kò sì kọ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n kọ lẹ́tà gidi, ìlà méjì péré. Gbogbo wọn ní àwọn á kọ ọ́, ọwọ́ ló dí. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ṣí àpótí. Òfìfo ni.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn kún ju bó ṣe máa ń kún lọ. Ọkùnrin mẹ́ta jókòó síwájú, irun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, orí wọn ń dán, wọ́n ń rùn fún páúdà. Onígbàjámọ̀ wà lẹ́yìn wọn bí olùkọ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Ìyá Oníròyìn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Bàbá Àgbà, Òpópónà Kejì,” ni alága wí.

Ẹnì kan nínú àwọn olórí dídán dìde. Kò tíì pé ogójì ọdún.

Alága wò ó látòkè délẹ̀. “Ẹ̀yin ni Bàbá Àgbà?”

“Mo tètè dàgbà ni, sà.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alága kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fáìlì rẹ̀. “Nínú lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ kẹ́yìn, kí lẹ sọ pé ó ṣe táńkì yín?” Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn wo onígbàjámọ̀, onígbàjámọ̀ sì ń wo òrùlé. Ẹ̀rín pa mọ́ wọn lẹ́nu.

“Ẹ jókòó ná,” ni alága wí. “Ìyá Orí Àtẹ̀gùn ńkọ́? Òun ló wù mí kí n rí.”

“Èmi náà fẹ́ rí i.” Alágbàfọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó dìde lẹ́yìn, aṣọ ìbora tó ti fọ̀ tó sì ti lọ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gun àjà kẹrin yẹn lọ wá a. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ó kọ ọ́ lóṣù tó kọjá pé òtútù ń mú òun. Ta ló ń fi màmá yìí pa mọ́?”

Ìyá Oníròyìn rí aṣọ ìbora náà, ara rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Ó dìde. Àbúrò rẹ̀ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Àǹtí, ẹ jókòó,” ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń rìn lọ síwájú.

“Ẹ má wá a mọ́,” ló wí. “Kò sí níbì kankan. Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo kọ gbogbo wọn.”

Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tí ì bá gbé ọwọ́ sí. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rọra sọ pé, “Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó ń kà á lóòótọ́,” ó sì gbé bírò.

“Ta ni ò kà á?” Ohùn alágbàfọ̀ le kalẹ̀. “Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń gbàdúrà fún ọmọ ọlọ́mọ kó padà wálé, ẹ wá ń sọ fún mi pé ẹ jókòó síbì kan ẹ dá a sílẹ̀?”

Atúnbàtàṣe náà ti dìde. “Ẹlẹ́sẹ̀ Gbàǹgbà ní lóṣù kẹta pé òwú mi ń tètè já. Mo pààrọ̀ òwú nítorí ọkùnrin yẹn! Mi ò róorun sùn!” Ẹnì kan ní Bàbá Àgbà ló jẹ́ kí òun ra táńkì kejì. Obìnrin kan fárí gá pé òun ti fura láti oṣù kẹfà, nígbà tí Ìyá Orí Àtẹ̀gùn ní orúnkún ọ̀tún ló ń dun òun, nígbà tó jẹ́ pé òsì ló ń dùn ún ṣáájú. Àwọn mẹ́rin já lù ú pé ọ̀tún ni látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n dárúkọ oṣù, wọ́n dárúkọ ìlà. Gbogbo gbọ̀ngàn gbaná. Alága ń gbá tábìlì, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tó yá, kò gbá a mọ́, ó kàn ń tẹ́tí.

“Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bínú,” ló wí nígbẹ̀yìn, “ẹ nawọ́ sókè.”

Ọwọ́ kún inú gbọ̀ngàn.

“Mẹ́ta ni mo béèrè,” ni alága wí. Kò kà wọ́n. Ó bá àwọn ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà dìde. Ó ní ìwé ìròyìn kò ní parí, yàrá sì di ti ìwé náà. Àwọn ọmọ á máa kẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí kò bá sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n ẹni tó tan àdúgbò jẹ fún ọdún méjì kò lè máa báṣẹ́ náà lọ. Nọ́ọ̀sì kan nínú ìgbìmọ̀ ni yóò gba iṣẹ́.

Ìyá Oníròyìn gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì ibi tí wọ́n ti ń gbá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ohun tó fẹ́ ló rí gbà, ìwé náà yè, ó sì dùn ún bí ẹni tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jáde kí ẹnikẹ́ni tó rí omijé rẹ̀.

Kò tíì dé ẹnu géètì tí alágbàfọ̀ fi bá a.

“Ìyá Oníròyìn. Mo ṣì ń bínú sí yín o.”

“Ó yẹ kẹ́ ẹ bínú.”

Alágbàfọ̀ ń tún aṣọ ìbora ká, bẹ́ẹ̀ ó ti ká dáadáa tẹ́lẹ̀.

“Ọmọ yẹn,” ló wí, kò wo ojú rẹ̀. “Èyí tó bínú kúrò nílé. Ó padà wá?”

“Mi ò mọ̀. Mi ò tíì kọ ọ́ débẹ̀.”

Alágbàfọ̀ pòṣé. Ó rìn díẹ̀, ó tún yíjú padà.

“Ẹ lọ kọ ọ́ nílé, kẹ́ ẹ mú un wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kó padà wá. Mo bẹ̀ yín.”