Páálí L Lára Mọ́tò Wa

Ọdún tí adájọ́ gba láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́ ọkọ mi ni mo di dírẹ́bà ilé wa. Ó mu bíà yó, ó ń kọrin ìsìn bọ̀ láti Eliozu, ló bá kọ lu ṣọ́ọ̀bù onígaàrí kan. Ọlọ́run ló kó wa yọ, obìnrin náà ti palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Ọkọ mi kì í kọrin nínú mọ́tò bí ojú rẹ̀ bá dá. Tí ẹ bá ti gbọ́ orin, ẹ ti mọ ibi tó ti ń bọ̀. Adájọ́ ní kò gbọdọ̀ wa mọ́tò fún ọdún kan gbáko.

Èmi ò mọ mọ́tò wà rárá. Onítakisí tó ń gbé yàrá tó kángun sí tiwa ní Rumuigbo ló kọ́ mi. Ó lẹ páálí funfun mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn mọ́tò, ó fi ọ̀dà pupa kọ L gàdàgbà sí i, kí àwọn èèyàn lè yà fún akẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí mo gba láìsẹ́ǹsì tèmi, mo fẹ́ já páálí náà. Ọkọ mi bẹ̀ mí.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mo ti sọ fún wọn ní ọ́fíìsì pé ẹ̀ ń kọ́ mọ́tò ni."

Bí mo ṣe ń fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ bo àṣírí àgbàlagbà nìyẹn. Mo ń gbé ọmọ wa obìnrin lọ sílé ìwé, mo ń gbé bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, kí n tó sáré lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Oyigbo. Ó rẹ̀ mí, mi ò ní purọ́. Mo máa ń sùn lọ tòun ti òkèlè lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí ọdún náà pé, òun fúnra rẹ̀ ló ya páálí náà dànù. Ó ní òun á lọ gbé ọmọ wá láti ilé ìwé. Inú mi dùn, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ariwo ọmọ ló jí mi.

"Mummy, Daddy sing for road tire!"

Mo yẹ ọmọ náà wò láti orí dé ẹsẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìgò kan péré ni, Mọ́mì."

Mi ò bá a jà, agbára ìjà ò sí lára mi. Mo na ọwọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo lọ wá páálí mìíràn, mo sì tọrọ ọ̀dà lọ́wọ́ onítakisí.

Ọmọ náà ti jáde yunifásítì báyìí. Onítakisí ti darúgbó, ṣùgbọ́n kò yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Madam, you never sabi drive since?"

Mo máa ń dá a lóhùn pé mo ṣì ń kọ́ ọ.