Nígbà Tí A Ti Géètì Mọ́ Àwọn Arúgbó

Ó ṣì rẹ̀ mí títí di òní. Bí mo ṣe máa ń dáhùn nìyẹn tí wọ́n bá bi mí bí ọdún kòrónà ṣe rí fún mi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Gyel, nítòsí Jos, nínú ilé kan tó ní yàrá mẹ́fà àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan. Arúgbó mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ wa nígbà náà. Lọ́jọ́ tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, ọ̀gá wa, obìnrin Bẹ̀róòmù kan tí kì í pariwo, pe àwa òṣìṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sí ilé ìdáná. Haúsá ló fi bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní àrùn yìí kò ní ẹsẹ̀, àwa tí a ń wọlé tí a ń jáde la máa gbé e wá bá wọn. Ó ní ẹni tó bá wọlé lónìí kò ní jáde mọ́ títí nǹkan á fi rọlẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ máa lọ, kó máa lọ, òun kò ní bínú. Àwọn méjì lọ. Ó ku èmi àti obìnrin tó ń se oúnjẹ. Mo pe ọkọ mi ní Anglo Jos, mo ní kó bá mi tọ́jú ọmọ wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lé ní oṣù mẹ́ta kí n tó padà sílé.

Kì í ṣe pé mo láyà ju àwọn tó lọ. Ìyá kan ló dá mi dúró, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti ta abọ́ tánganran ní ọjà Terminus fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, Haúsá rẹ̀ sì dán ju ti onílẹ̀ lọ. Àmọ́ àìsàn ìgbàgbé ti kó Haúsá náà lọ, Yorùbá nìkan ló ṣẹ́ kù fún un. Èmi nìkan ni mo gbọ́ Yorùbá nínú ilé yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jos ni wọ́n bí mi sí, tí tèmi kò fi bẹ́ẹ̀ já gaara. Tí mo bá lọ, ta ni yóò ṣàlàyé fún un pé omi la fẹ́ fi fọ ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe pé a fẹ́ pa á?

Ìbòmú ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ilẹ̀ kò ní mọ́ kí Màmá má figbe ta: "Ìwọ ta ni? Kí lo dì mọ́ ẹnu? Olè!" Màá padà sẹ́nu ọ̀nà, màá fa ìbòmú sísàlẹ̀, màá rẹ́rìn-ín sí i, màá tún fà á sókè kí n tó sún mọ́ ọn. Nígbà mìíràn mo máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó fún un ní oògùn. Ẹ̀rọ tó ń fa omi bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, la bá ń pọn omi láti inú kànga. À ń wẹ̀ fún wọn, à ń gbé wọn dìde, à ń fi omi apakòkòrò nu gbogbo ohun tí ọwọ́ lè kàn. Ọwọ́ mi bó títí tí iyọ̀ ọbẹ̀ fi ń ta mí.

Màmá ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Gbogbo Sátidé ló máa ń wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ìyá rẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí a ti géètì, ó dé pẹ̀lú kósé, àkàrà àwọn Haúsá, tó gbóná nínú ọ̀rá.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọlé."

"Èmi náà? Haba! Ìyá mi ni, àbí ẹ ti sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n?"

"Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ò rí ọmọ tèmi."

"Ìyẹn kàn yín."

Ó na ọ̀rá kósé náà sí mi láàárín irin géètì. Wọ́n ti ní a kò gbọ́dọ̀ gba oúnjẹ láti ìta. Mo fi ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó na ọwọ́ náà títí, ó wá fà á padà, ó sì lọ láìdágbére. Mo rò pé èyí dùn ún ju ilẹ̀kùn tí a tì lọ.

Kò pẹ́ tí Màmá fi kọ oúnjẹ. Á ní òun ń dúró de àwọn tó lọ sọ́jà. Mo pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sókè. Màmá wo ẹ̀yìn fóònù, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó bá rọra tì í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìn wọnú, ọ̀gá wa ní kí n gbé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ọmọ náà dúró lẹ́yìn ọgbà wáyà. Ó dé, ó nawọ́ sókè.

"Màmá! Èmi ni!"

Màmá yíjú sí mi. "Ta ni ọkùnrin yẹn?"

Ọmọ náà já ìbòmú kúrò. Ìyá rẹ̀ kò tún mọ̀ ọ́n. Mo rí i tí omi ń dà lójú ọmọ náà. Ìgbà yẹn ni Màmá gbóhùn sókè: "Ṣé abọ́ lo fẹ́ rà ni?"

Ọmọ náà wò mí. Mo mi orí sí i pé kó dáhùn. Ó fi apá aṣọ nu ojú.

"Ẹ̀ẹ́n, abọ́ ni. Nawa ne?"

Bí Màmá ṣe gbọ́ pé wọ́n fi Haúsá bèèrè iye ọjà, ńṣe ló nà tantan lórí àga. Ó pe iye kan. Ọmọ rẹ̀ dá a sí ìdajì.

"Albarka!" ni Màmá fi dá a lóhùn, bí gbogbo ọlọ́jà Jos ṣe ń sọ pé iye yẹn kò gbà. Mi ò gbọ́ Haúsá lẹ́nu rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan. Wọ́n ná abọ́ tí kò sí níbì kankan títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tí oníbàárà náà lọ, Màmá ní ebi ń pa òun, ó sì jẹ abọ́ ọ̀dùnkún òyìnbó kan tán.

Gbogbo Sátidé ló ń wá bẹ́ẹ̀, títí òjò fi dé, tó ń dúró lábẹ́ agboòrùn. Nígbà mìíràn Màmá máa ń lé e: "Máa lọ, o kàn ń dí mi lọ́jà ni." Á rẹ́rìn-ín, á lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, á tún padà wá.

Ara bàbá kan gbóná nígbà kan. Wọ́n wá gba ayẹ̀wò nímú rẹ̀, a sì fi ọjọ́ mẹ́rin dúró de èsì. Ibà ni. Kò sẹ́ni tí àrùn náà mú nínú ilé wa, bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Àmọ́ Màmá tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé ìwẹ̀ kí a tó ti géètì, gbígbé là ń gbé e nígbà tí a ṣí i. Láti oṣù kejì ni ìyá mìíràn kò ti sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí a ṣílẹ̀kùn, ọmọ náà wọlé, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Màmá wo ọwọ́ náà fún ìgbà pípẹ́, kò gba tirẹ̀ padà. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo lọ sí ilé ìdáná, mo sùn lórí ìjókòó.

Ìgbà ọyẹ́ ni Màmá kú, ikú àgbà. Ọmọ rẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀. Bí a ṣe ń ká ìró, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ rántí ọjọ́ kósé yẹn?"

"Mo rántí, ẹ̀gbọ́n."

"Lọ́jọ́ kejì ni imú mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́. Ọṣẹ o, ọbẹ̀ o, kò sí. Ara mi gbóná fún ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí pé mo ti bú yín."

Ó yẹ kí inú mi dùn pé géètì náà ṣiṣẹ́. Mo wá inú mi títí, àárẹ̀ nìkan ni mo bá níbẹ̀. Mo ní, "Ọlọ́run á tù yín nínú, ẹ̀gbọ́n." Mo bá a gbé ẹrù náà dé ìdí ọkọ̀, mo sì padà wọlé, nítorí a kò tíì wẹ̀ fún àwọn tó wà ní yàrá kejì.