Etí Akọ́ládé

Ẹni tó bá ní mọ́tò ní Òsí, tí gíà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ségesège, ọ̀dọ̀ Akọ́ládé ló ń gbé e lọ. Wọ́n ń ti Ìdòfin àti Òkè-Ọ̀pin wá bá a pàápàá. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń tú gíà. Elétí ni ìlú ń pè é, nítorí pé yóò kàn jókòó ti ẹni tó ń wakọ̀ ni, kí wọ́n sì tó lọ kí wọ́n tó bọ̀, ó ti gbọ́ ibi tó ti bàjẹ́.

Etí yẹn ti kú. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tí a fẹ́ fi bò ó. Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ, ti ọ̀tún tẹ̀lé e láàárín ọdún méjì. Rafiat ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ńṣe ló máa ń fọwọ́ kàn án léjìká kó tó bá a sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sọ fún àwọn oníbàárà, Akọ́ládé ní ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù òun tú. Ó wá ń dọ́gbọ́n sí i. Ẹnu èèyàn ló ń wò tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Yóò gbọ́wọ́ lé ọ̀pá gíà kó lè mọ bó ṣe ń gbọ̀n. Yóò bu ọ́ìlì gíà sọ́wọ́, yóò gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ti jóná, yóò fi ìka ra á, bóyá ẹ̀rún irin ń dán nínú rẹ̀. Ọgbọ́n yìí gbè é fún ọdún kan gbáko, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ jù.

Ìgbà náà ni Misturah dé, ọ̀gá ilé ìwé kan ní Odò-Ọwá. Ó ní gíà òun ń ké tí òun bá ti wọ gíà kẹta. Akọ́ládé gbọ́wọ́ lé ọ̀pá, ọ̀pá kò gbọ̀n. Ó bu ọ́ìlì, ọ́ìlì mọ́ nini. Kò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ n'Ílọrin. Etí nìkan ló kù tó lè tú àṣírí gíà yẹn. Wọ́n wa mọ́tò dé Ìlọfà, wọ́n padà, gíà ń ké burúkú, Akọ́ládé ń mi orí bí ọ̀gá. Ó ní gíà ò ṣe nǹkan kan, táyà ló ń dún lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kẹta, gíà náà há pátápátá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Odò-Ọwá, táyà iwájú dúró gbagidi, mọ́tò ré sí kòtò. Àríkẹ́, ìyá Misturah, wà nínú rẹ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, dókítà sì ní kò ní lè dá rìn mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ ni Misturah ti rò ó dáadáa: nígbà tí gíà ń ké yẹn, ojú ọkùnrin yìí kò yí padà rárá.

Kò pariwo nígbà tó padà wá. Àárọ̀ Sátidé ni. Oníbàárà mẹ́fà jókòó sórí bẹ́ńṣì, Ṣògo, ọ̀rẹ́ Akọ́ládé láti kékeré, wà lára wọn. Akọ́ládé kọ̀yìn sí wọn, ó ń tú bóòtù. Misturah dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó fìka sẹ́nu pé kí gbogbo wọn dákẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò fi ẹ̀yin bọ̀wọ̀ fún un mọ́.

"Akọ́ládé, ìwọ lo sọ ìyá mi di arọ. Rafiat ìyàwó rẹ ti kú. Wọ́n ń wá ọ nílé."

Irọ́ ni ti Rafiat, ó fi dán an wò ni. Akọ́ládé ń tú bóòtù rẹ̀ lọ, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ńṣì, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ìwà ìkà gbáà ni, àmọ́ wọ́n rẹ́rìn-ín. Akọ́ládé yíjú padà, ó rí eyín wọn. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ kan ló kọjá, kí àṣírí má baà tú, òun náà rẹ́rìn-ín, ó rín in ju gbogbo wọn lọ, ó fọwọ́ gbá itan, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn mà dára o.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ṣògo nìkan ni kò rín rárá. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí.

"Éè gbọ́," ó ní.

Akọ́ládé ka ìyẹn lẹ́nu rẹ̀: kò gbọ́. Ṣògo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ. Àwọn yòókù mú tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Misturah ló jáde gbẹ̀yìn. Nígbà tí Rafiat gbé oúnjẹ àárọ̀ dé, kò sí mọ́tò kankan nílẹ̀ mọ́. Ó fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ léjìká. Akọ́ládé sáré yíjú padà tẹ̀ríntẹ̀rín, ó rò pé oníbàárà kan ló padà wá.