Bọ́ọ̀sì Bàbá Àgbà Di Ilé Ìpàtẹ

Bàbá àgbà mi, Eleuterio, wa bọ́ọ̀sì ní Lima títí ojú ẹ̀ fi di bàìbàì. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ọ̀hún kú, wọ́n yọ fèrèsé ẹ̀, wọ́n fi ṣe òrùlé ilé ìpàtẹ àdúgbò wa, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa wọlé dípò iná. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó aṣọ aláwòrán tí ìyá àgbà fọwọ́ rán sí.

Bàbá àgbà fajú ro. "Mi ò ní wọnú òkú bọ́ọ̀sì mi."

Ìyá àgbà, tó máa ń fi orúkọ àkọ́bí wọn pè é, ní, "Bàbá Herminio, ẹ dúró síta nígbà náà, kí ẹ máa bá ajá ṣeré."

Lọ́jọ́ ìṣílé, èrò há sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé débi táṣọ wà. Omi ti ń lé ròrò lójú ìyá àgbà. Ni mo bá gbọ́ ohùn tí bàbá àgbà fi ń darí èrò nínú bọ́ọ̀sì, èyí tí mo máa ń sín jẹ, bíi ti ewúrẹ́ tó ní ọ̀fìnkìn: "Ẹ sún sẹ́yìn, àyè wà lẹ́yìn. Ìwọ oníkùn ńlá yẹn, fa ikùn ẹ wọlé."

Wọ́n sún. Bàbá ń tì wọ́n lọ títí òun náà fi dé iwájú aṣọ ìyàwó ẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Fèrèsé mi ò mọ́ báyìí rí."

"Ẹ kì í fọ̀ ọ́ ni," ìyá àgbà fèsì, ó sì dì í lọ́wọ́ mú.